Èèkàn Abẹ́ Òkè Rathukanda

Ní gbogbo ọ̀nà ojú irin tó gun òkè láti Kandy lọ sí Badulla, agbára káká lẹ fi máa rí olùṣọ́ kan tó ń fura tó Ponnusamy ti tésàn Galpotha. Bí ẹ bá bu tíì fún un, á kọ́kọ́ wo ìdí ife. Bí ọ̀gá bá rẹ́rìn-ín sí i, á délé jókòó, á máa ro ohun tí ẹ̀rín náà ń bò mọ́lẹ̀. Valliammai ìyàwó rẹ̀ ti sọ ọ́ títí, ó ti sú u.

"Bàbá Yoges," ni obìnrin náà máa ń wí, "ká ní orí ilé wa nìkan lòjò ń rọ̀ sí, mo mọ̀ pé wàá ti lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Èyí tó ń rọ̀ sórí gbogbo wa yìí ńkọ́, ta la fẹ́ mú?"

Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Inú oko tíì ni bàbá Ponnusamy àti bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ti lo ayé wọn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé náà tó dé fìlà rélùwéè. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, ìyá rẹ̀ sì fọ́ àgbọn mẹ́ta ní tẹ́ḿpìlì òrìṣà Murugan láti fi dúpẹ́ nítorí fìlà yẹn. Kò tíì lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń de ojú irin fi dàwátì ní ilé ìkẹ́rùsí, odidi àpò kan. Wimaladasa ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin nígbà náà, ọmọ ẹ̀yà Sinhala kan tó ga gbọọrọ, tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Orúkọ Ponnusamy ló kọ sínú ìwé, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù méje ni Ponnusamy fi gbẹ́ kòtò nínú oko tíì, táwọn ojúgbà rẹ̀ ń pè é ní Olóyè Nọ́ọ̀tì. Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ pè é padà. Wọn ò rí olè náà mú, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Wimaladasa ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbin kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì lẹ́bàá ilé kékeré kan lókè Rathukanda. Bí òun àti Ponnusamy bá pàdé, ọ̀kan á máa wo òkè, èkejì á máa wo bàtà rẹ̀. Ponnusamy ti di olùṣọ́ ojú irin. Láràárọ̀, kí ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn alájàpá ẹ̀fọ́ tó kọjá, òun ló máa fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́rin láti Galpotha dé Rathukanda. Á gbé òòlù tó ní ọ̀pá gígùn lé èjìká, á fi sípánà há bẹ́líìtì, á sì ká àsíá pupa àti àsíá àwọ̀ ewé sábẹ́ abíyá. Á máa fi òòlù kan irin, á máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Irin tó dá ṣáká ní ohùn tirẹ̀, èyí tó ti sán náà ní ohùn tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Ponnusamy gbà gbọ́ láyé nìyẹn, nítorí pé irin kì í purọ́.

Nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá láìdákẹ́, ó dé ibi tí ojú irin ti ṣe kọ́nà lábẹ́ òkè Rathukanda, ó sì rí èèkàn kan. Igi tíì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kò ga ju ẹsẹ̀ kan lọ, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀. Kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí ojú irin. Ponnusamy wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó fà á tu, ó gbóòórùn ọ̀dà náà. Tuntun ni.

Lọ́jọ́ kejì, èèkàn ti di mẹ́ta, wọ́n tò gun òkè lọ sáàárín àwọn igi tíì. Ó tu wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún bá òmíràn. Ó tu ìyẹn náà, ó kó gbogbo wọn relé, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé a ò nígi ìdáná mọ́ ni?" Valliammai bi í.

"Ẹ̀rí ni."

"Ẹ̀rí kí ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ìdí tí mo fi ń tọ́jú ẹ̀ nìyẹn."

Ní tòótọ́, ó ti mú èèyàn méjì sọ́kàn. Jayatilaka lẹni àkọ́kọ́, ọkùnrin tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta tó ń ná Badulla. Níwájú gbogbo èèyàn ní ilé tíì ló ti sọ ọ́ pé, "Rélùwéè yín yìí ti darúgbó. Lọ́jọ́ tó bá kú, bọ́ọ̀sì mi lẹ máa gùn lọ sí ìsìnkú rẹ̀." Ẹnì kejì ni Edirisuriya, ọ̀gá tésàn tuntun. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n gbé e wá sí Galpotha, ó sì ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ Ponnusamy pé ta ló ni ilẹ̀ etí ojú irin. Kí ni ọ̀gá tésàn fẹ́ fi ilẹ̀ etí ojú irin ṣe? Ponnusamy so ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀, ó rí i pé ó so dáadáa: ẹnì kan fẹ́ pa ojú irin, ẹnì kan fẹ́ pín ilẹ̀ rẹ̀, àwọn èèkàn yìí ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ogún kí olókùú tó kú.

Ó lọ bá Edirisuriya ní ọ́fíìsì.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Mo ń rí èèkàn lábẹ́ òkè Rathukanda."

Edirisuriya ń mu tíì pẹ̀lú súúgà pupa. Ó gbé ife sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Èèkàn kẹ̀? Ponnu, ọ̀pọ̀ igi ló wà nínú oko tíì. Ṣé gbogbo igi ló fẹ́ máa wá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni?"

"Wọ́n fi ọ̀dà kun èyí o, ọ̀gá."

"Ó dáa, mo ti gbọ́. Lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ò gbé ibì kan. Ó wo fèrèsé, ó sì tún wo dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó yára gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ponnusamy rí i. Ó jáde, inú rẹ̀ ń dùn díẹ̀, bí inú ẹni tó ti sọ pé ẹyin kan bàjẹ́, tí wọ́n fọ́ ọ tó sì rùn lóòótọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó rí ohun tó dà á láàmú. Ojú ẹsẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèkàn tuntun, ojú ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà. Ní apá ọ̀tún gbogbo ìṣísẹ̀ náà, ihò róbótó kan wà níbẹ̀, ojú ibi tí ọ̀pá ti gún ilẹ̀. Jayatilaka kì í rìn láìwọ bàtà. Edirisuriya kì í ti ọ̀pá. Ponnusamy kò fọwọ́ kan èèkàn náà. Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó fi ìkùukùu bora láàárín igi tíì, ó lúgọ.

Kò pẹ́ tí ọ̀pá fi dún kò, kò, kò lórí òkúta. Bàbá arúgbó kan jáde láti inú ìkùukùu náà, ó fi àpò ìrẹsì bo orí nítorí òjò, okùn funfun kan wà lọ́rùn rẹ̀. Wimaladasa ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ojú irin, ó so orí okùn kan mọ́ irin, ó na èkejì dé ara èèkàn, ó fi ìka wọ̀n ọ́n. Ó mú pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ó kọ nǹkan sí ara páálí sìgá.

Ọgbọ̀n ọdún ru sókè nínú Ponnusamy. Ó fo jáde.

"Mo mú yín lónìí! Ẹ tún ti dé!"

Ẹ̀rù ba bàbá náà tó bẹ́ẹ̀ tó jókòó sínú ẹrẹ̀. Nígbà tó rí ẹni tó ń bá a wí, ìbẹ̀rù náà di ìbínú.

"Ìwọ ni! Ìwọ lò ń tu èèkàn mi!"

"Èmi ni! Mo tu wọ́n, mo sì kó wọn pa mọ́! Ẹ̀ẹ̀kan lẹ lè ba orúkọ mi jẹ́, bàbá, ẹ ò lè bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo jí báyìí? Òkè?"

"Òkè gan-an ni!" Wimaladasa ń lu ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. "Òkè yìí ń rìn, òmùgọ̀! Ó ti rìn ìka mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Bí mo bá wọ̀n ọ́n tán, ìwọ á tu ú, màá tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé o mọ̀ ni. Mo rò pé o ti rí i pé ibi ìṣọ́ ẹ ti ń yẹ̀, o sì ń pa ẹ̀rí rẹ́ kí wọ́n má bàa dá ẹ lẹ́bi."

Kò tíì sí ẹni tó fura sí Ponnusamy bí òun gan-an ṣe ń fura sí ènìyàn, ó sì dà bíi pé wọ́n gbé dígí dúró síwájú rẹ̀.

"Ta lẹ sọ fún?" ó bi bàbá náà.

"Mo kọ lẹ́tà fún ọ̀gá tésàn yín, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní kí n lọ máa bomi rin kábéèjì mi."

Dúrọ́ọ̀ tábìlì sọ sí Ponnusamy lọ́kàn. Síbẹ̀, kò fẹ́ gbà. Ta ló mọ̀ bóyá bàbá yìí ló ń sún èèkàn fúnra rẹ̀? Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan lọ́wọ́ yín. Àwọn nọ́ọ̀tì ìjelòó. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

Wimaladasa nu ẹrẹ̀ lọ́wọ́. "Ìwọ lo jẹ́ tuntun. Wọ́n ní kí n mú orúkọ kan wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo mú ọ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ lo jí i. Títí dòní, mi ò mọ̀."

"Èmi kọ́."

"O wí bẹ́ẹ̀."

Bí wọ́n bá ní kí Ponnusamy dá ẹjọ́ lọ́jọ́ náà, á ti ju bàbá yìí sí abẹ́ òkè. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà wọ̀ ọ́ lára lọ́nà kan. Òpùrọ́ á ti bẹ̀ ẹ́. Ó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi fúnra mi ló máa so ó," ó ní. "Èmi ló máa kan èèkàn náà, níbi tí ẹ ò ní mọ̀. Ẹ padà sílé."

Wimaladasa lọ láìbẹ̀bẹ̀. Ponnusamy kan èèkàn tirẹ̀ mọ́ inú ilẹ̀ láàárín igi tíì méjì, ó na okùn náà le dandan títí dé ara irin, ó di í ní kókó kan tó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin nìkan ló mọ̀ ọ́n dì. Ó fi ewé bò ó. Òjò lù ú délé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ló débẹ̀. Okùn ti já.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ọ̀bẹ Wimaladasa. Ó kúnlẹ̀, ó mú orí okùn náà sọ́wọ́, ó gbé e sún mọ́ ojú. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni, ẹnu rẹ̀ á gé gééré. Ṣùgbọ́n ẹnu okùn yìí ti tú yánnayànna bí irun àgbàdo, ó sì ti tín-ínrín kó tó já. Nǹkan kan ló fà á, ó fà á pẹ́. Kókó tó di sí ara irin ṣì wà bó ṣe wà, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Èèkàn tirẹ̀ gan-an ti tẹrí sí ìhà ojú irin, bí ẹni tó ń tòògbé. Ó gbé òòlù, ó kan irin. Ohùn tó gbọ́ kì í ṣe ohùn irin tó sán. Ohùn irin tí wọ́n ń ti ni.

Nígbà náà ló gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti Galpotha.

Yogeswari ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ yẹn, pẹ̀lú gbogbo àwọn ọmọ oko tíì tó ń lọ sí iléèwé ní Bandarawela. Ẹ fọkàn wò ó: bó bá dá ọkọ̀ dúró, tí òkè ò sì wó, wọ́n á ní ó tún ti dé, Olóyè Nọ́ọ̀tì. Bó bá sì jẹ́ pé bàbá arúgbó yẹn ló dẹ pańpẹ́ yìí fún un, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nìyẹn. Gbogbo èyí ló rò bó ṣe ń sáré. Ṣùgbọ́n ó ń sáré, ó ń sáré lọ pàdé ọkọ̀ náà, àsíá pupa ti là gbalaja lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà rẹ̀ sì ti ré bọ́ sínú gọ́tà.

Irin fi ariwo ha irin, ọkọ̀ dúró. Awakọ̀ yọ orí síta.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Òkè ń rìn!" Ponnusamy ń mí gùlegùle.

"Kí ló ń rìn?"

"Òkè Rathukanda!"

Àwọn èrò ti yọ orí ní fèrèsé gbogbo. Ọkùnrin kan pariwo láti kíláàsì kẹta pé, "Ṣé òkè náà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ni?" Ẹ̀rín sọ. Ìyá alápẹ̀rẹ̀ kárọ́ọ̀tì kan ní, "Ẹ ní kó wá jókòó síbí, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!" Ponnusamy rí Yogeswari láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi ìwé bo ojú.

Ó lé ní wákàtí kan kí Edirisuriya tó fẹsẹ̀ rìn dé láti tésàn, agbòjò lọ́wọ́, ìbínú lójú. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó sún mọ́ Ponnusamy, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀.

"Mi ò mutí, ọ̀gá."

"Nígbà náà, kí lo mu? Ó ti lé ní wákàtí kan tí o ti dá ọkọ̀ ìjọba dúró nítorí okùn tó já!"

Wọ́n jiyàn. Ní ìkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀nà ẹsẹ̀ inú oko tíì kọjá, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa rọra wọ́ bọ̀ lófìfo. Ìyá alápẹ̀rẹ̀ kárọ́ọ̀tì ṣépè fún Ponnusamy ní èdè méjì bó ṣe ń gun òkè. Ọkọ̀ wọ́ dé ibi kọ́nà náà, ó wọ́ kọjá. Òkúta kan ò ṣubú. Èrò pàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Yogeswari ò bojú wẹ̀yìn.

"Lẹ́tà ẹ ń bọ̀," ni Edirisuriya wí.

Ponnusamy dúró nínú òjò láìsí fìlà lórí. Wọ́n ti tún rí i mú. Bàbá yẹn ti tún rí i mú. Ó gbé ojú sókè láti wá a, kó lè bá a jà. Wimaladasa wà lókè lọ́hùn-ún láàárín igi tíì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọ̀pá júwe.

"Ponnu! Mú ọ̀gá ẹ wá! Ẹ wá wo ibí!"

Edirisuriya ò fẹ́ lọ. Ponnusamy dì í lápá mú, ohun tí olùṣọ́ kankan kì í ṣe sí ọ̀gá tésàn, ó sì fà á gun òkè. Láàárín ọ̀wọ́ igi tíì méjì, ilẹ̀ ti là. Ojú ibi tó là náà gùn tó ilé mẹ́wàá, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Wimaladasa ti ọ̀pá rẹ̀ bọ inú rẹ̀. Ọ̀pá náà wọlé títí ó fi kan ọwọ́ rẹ̀, kò kan ìsàlẹ̀.

"Lánàá, kò sí i," bàbá náà wí.

Ojú Edirisuriya funfun bí ẹfun. Ẹnikẹ́ni ò bi í tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. "Lẹ́tà yín wà lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé... ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì máa ń wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ilẹ̀ tí mò ń béèrè, mo kàn fẹ́ gbin ewébẹ̀ sí i ni." Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí tẹlifóònù. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Badulla lọ́sàn-án, kò jẹ́ kó kúrò ní tésàn Rathukanda.

Ní aago mẹ́ta kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òkè náà sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo tó bí Ponnusamy ti rò. Ó mí kanlẹ̀ ni, bí ẹṣin tó rẹ̀. Igi tíì ṣì wà lóòró bí wọ́n ṣe ń rìn lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n gbé ojú irin dání, wọ́n sì bá a lọ sínú àfonífojì. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tó farapa.

Lẹ́tà Edirisuriya dé lóòótọ́, pé Ponnusamy dá ọkọ̀ dúró láìgbàṣẹ. Lẹ́tà mìíràn tún dé lọ́sẹ̀ kan náà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà rélùwéè, tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ká wọn pọ̀, ó fi wọ́n sí ibì kan náà, ó ní òun ò mọ èyí tó máa kọ́kọ́ di irọ́.

Oṣù mẹ́rin ni ojú irin fi gé sí méjì. Ọkọ̀ kan ń gbé èrò dé ẹ̀gbẹ́ kan, òmíràn ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gba oko tíì láàárín méjèèjì. Ponnusamy ló ń ṣíwájú wọn. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ń bi í pé, "Ṣé ibí yìí dúró dáadáa?" Yogeswari ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, ó ń bá àwọn arúgbó gbé ẹrù, ó sì ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Bàbá mi nìyẹn," láìjẹ́ pé wọ́n bi í.

Ponnusamy àti Wimaladasa ń kí ara wọn. Nígbà mìíràn, wọ́n á jókòó lórí òkúta mu tíì, wọ́n á máa jiyàn bóyá òjò ọdún tó ń bọ̀ á le jù. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ìgbà tí wọ́n tún ojú irin náà ṣe tán ni àwọn ẹnjiníà mẹ́ta dé láti Colombo pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀dọ́ ni ọ̀gá wọn, bàtà rẹ̀ ṣì ń dán. Ó bi Ponnusamy léèrè ibi tí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ rìn.

"Ẹ wo ilé tó ní kábéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè yẹn," Ponnusamy dáhùn. "Bàbá kan ń gbé ibẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ara páálí sìgá. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúpẹ́, ó ti ń lọ. Ponnusamy pè é padà.

"Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá sọ fún yín tán, sà," ó ní, "ẹ tún un wọ̀n fúnra yín."